Èjì Ogbè kò ṣọ̀wọ́n ju odù yòókù lọ: ìṣirò inú ọ̀pẹ̀lẹ̀

Àwọn babaláwo ní Ọ̀rúnmìlà gbé Adó-Èkìtì rí. Adó kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá fásitì sí ní 2011. Àgbègbè tí Ifá àti fásitì ti pàdé yìí yẹ ká ti béèrè ọ̀rọ̀ kan: ṣé ẹnì kan ló dá nọ́ńbà? Ohun tó bọ́ sílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹnì kan ló rán an?

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí babaláwo fi ń dífá. Èèpo èso mẹ́jọ ló wà lára ẹ̀wọ̀n rẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Babaláwo á di agbedeméjì rẹ̀ mú, á dà á sílẹ̀. Èyí tó bá ṣíjú, ẹyọ kan. Èyí tó bá dojú dé, méjì. Apá kan lè jáde ní ọ̀nà 16, apá méjèèjì pọ̀ sì jẹ́ odù 256. Èmi ò rò pé Olódùmarè pàápàá ní láti pàṣẹ iye yẹn. Níbikíbi tí èèpo mẹ́jọ bá ti lè ṣí tàbí kó dé, 256 náà ni.

Gottfried Leibniz, ọmọ Jámánì tó tẹ ìwé jáde ní 1703 lórí ìṣirò oní-0 àti 1, rí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà lọ́nà mìíràn: ó ní 1 dà bí Ọlọ́run, 0 dà bí òfo tó fi dá ayé. Ó dùn létí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹnu máa ń yani bí Èjì Ogbè bá yọ, tí èèpo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣíjú. Bí èèpo kò bá ṣègbè, ẹ̀ẹ̀kan nínú 256 ni tirẹ̀. Iye kan náà ni ti Ọ̀bàrà Ọ̀sá tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo lé lórí. Ọ̀rọ̀ wà nínú “bí èèpo kò bá ṣègbè” yẹn. Èèpo tí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo lè máa ṣíjú ju bó ṣe ń dé lọ. Ikin, èkùrọ́ Ifá tí babaláwo ń fi ọwọ́ kan kó kúrò ní ìkejì, òun náà ńkọ́? Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́, babaláwo á tẹ méjì sórí ìyẹ̀ròsùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, á tẹ ọ̀kan. Kò sófin tó ní kí méjèèjì máa ṣẹ́kù bákan náà. Ẹni tó bá fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ikin dífá lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, tó ń kọ èsì sílẹ̀, á rí i bóyá ó ń ṣègbè.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ìgbà kọ́ ni babaláwo ń sọ. Odù kan ṣoṣo tó já síwájú ẹni tó wá dífá láàárọ̀ yìí ló ní Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, rán wá. Kí gbogbo odù jáde déédéé, ìyẹn ò ta kò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò gbè é lẹ́sẹ̀. Àmọ́ bí Èjì Ogbè bá ń yọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀wọ̀n yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.