Màkàrónì Oníwàràkàṣì fún Oúnjẹ Alẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Iyọ̀ Rẹ̀ Kù Láìpàdánù Adùn

Ìwé pélébé yìí wà fún ẹnikẹ́ni tí ó ń dáná fún ìdílé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ó ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè se màkàrónì oníwàràkàṣì tí a yan nínú ófùùnù, èyí tí ọmọdé àti àgbà yóò lè jọ jẹ, tí kò sì ní kó iyọ̀ àpọ̀jù sí ara ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ yìí kì í ṣe àjèjì mọ́ nínú ilé wa. Àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń béèrè fún un nílé. Ó yá láti sè, a sì lè fi ẹ̀fọ́ àti ẹja sí i. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù lọ ni iyọ̀. Bí a bá bu iyọ̀ sí omi màkàrónì, tí a fọ́ mágí sí ata, tí a tún wá da wàràkàṣì bò ó lórí, ọ̀nà mẹ́ta ni iyọ̀ ti gbà wọ inú abọ́ kan ṣoṣo. Ìmọ̀ràn wa kò le rárá: ẹ jẹ́ kí wàràkàṣì nìkan ṣe iṣẹ́ iyọ̀.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ IYỌ̀ FI KÀN WÁ

Iyọ̀ àpọ̀jù máa ń mú kí ìfúnpá ga. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sì máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn rọpárọsẹ̀, àìsàn ọkàn àti àìsàn kíndìnrín. Àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Áfíríkà wá wà lára àwọn tí ewu ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ sí fún ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í fi àmì kankan hàn. Ènìyàn lè máa lọ sí ibi iṣẹ́, kí ó máa jẹun, kí ó máa sùn dáadáa, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti máa ru fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀.

Ìwọ̀n iyọ̀ tí kò yẹ kí ènìyàn kọjá lójúmọ́ nìyí:

• Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1: kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 1
• Ọmọ ọdún 1 sí 3: gíráàmù 2
• Ọmọ ọdún 4 sí 6: gíráàmù 3
• Ọmọ ọdún 7 sí 10: gíráàmù 5
• Ọmọ ọdún 11 sókè, àti àgbàlagbà: gíráàmù 6

Gíráàmù 6 kò ju ṣíbí ìpotíì kan tí a gé orí rẹ̀ tẹ́jú. Gbogbo iyọ̀ tí a jẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni a kà mọ́ ọn, títí kan èyí tí ó ti wà nínú búrẹ́dì, nínú ẹran inú agolo àti nínú ìpápánu kí a tó rà wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ó bá fi máa di àkókò oúnjẹ alẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kékeré ti jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n tirẹ̀.

IBI TÍ IYỌ̀ INÚ OÚNJẸ YÌÍ TI Ń WÁ

Wàràkàṣì tí a ń pè ní Cheddar, èyí tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára abúlé kan ní Somerset, yàtọ̀ sí wàrà tí àwọn Fúlàní ń fi omi ewé bọmubọmu dì, tí a máa ń jẹ tàbí tí a máa ń dín láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oṣù púpọ̀ ni Cheddar máa ń lò nílẹ̀ kí a tó tà á, iyọ̀ tí a pò mọ́ ọn sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ó bàjẹ́. A kò lè fọ iyọ̀ náà kúrò lára rẹ̀. Ìwọ̀n tí a bá bù ni a lè dín kù.

Nínú gíráàmù 100 Cheddar, iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 1.8. Bí ẹ bá fi gíráàmù 100 se oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin, iyọ̀ tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láti inú wàràkàṣì kò tó ìdajì gíráàmù. Bí ẹ bá lo gíráàmù 250, yóò ju gíráàmù 1 lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo mágí àti àwọn kúùbù amọ́bẹ̀dùn mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, nǹkan bí ìdajì kúùbù náà ni ó jẹ́ iyọ̀. Kúùbù kan tí ó wọn gíráàmù 10 lè kó gíráàmù 5 iyọ̀ sí ìkòkò. Èyí ju ìlọ́po méjì iyọ̀ tí ó wà nínú gbogbo wàràkàṣì tí ẹ fẹ́ lò. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ mú wàràkàṣì, kí ẹ sì fi kúùbù sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

BÍ Ẹ ṢE LÈ KA ARA PÁÁLÍ

Lára ọ̀pọ̀ oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ óò rí àwọ̀ pupa, òfeefèé tàbí ewéko. Pupa lórí iyọ̀ túmọ̀ sí pé iyọ̀ inú rẹ̀ ju gíráàmù 1.5 lọ nínú gíráàmù 100. Cheddar yóò sábà jẹ́ pupa fún iyọ̀ àti fún ọ̀rá tí a kọ sílẹ̀ ní saturates, èyí tí ó máa ń mú kí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Pupa kì í ṣe èèwọ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ẹ wọn ohun tí ẹ ń bù, kí ẹ má sì ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Lára àwọn oúnjẹ tí a kó wá láti ilé, ọ̀rọ̀ tí ẹ óò rí lè jẹ́ sodium dípò salt. Ẹ fi 2.5 sọ sodium náà di púpọ̀, iye tí ẹ bá rí ni iyọ̀ inú rẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ FÚN ÈNÌYÀN MẸ́RIN

• Màkàrónì gbígbẹ, gíráàmù 300
• Tòmátì inú agolo tí a ti gé, gíráàmù 400
• Àlùbọ́sà ńlá 1 àti tàtàṣé ńlá 1
• Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí spinach, tútù tàbí èyí tí ó dì, gíráàmù 160
• Sàdíìnì inú ọbẹ̀ tòmátì, agolo 1. Tàbí ẹ̀wà inú agolo tí a ti fi omi ṣàn
• Mílíìkì semi-skimmed, mìlílítà 400
• Ìyẹ̀fun àgbàdo kúnná tí a ń pè ní cornflour, ṣíbí ńlá 2
• Cheddar tí a kọ mature tàbí extra mature sí lára, gíráàmù 100
• Òróró, ṣíbí ńlá 1
• Aáyù, ata gbígbẹ àti ewé táìmù, bí ẹ bá ti fẹ́ ẹ sí

A yan Cheddar tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ nítorí pé adùn rẹ̀ le, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń tó. Bí ẹ bá fẹ́ lo kọ́rì tàbí èròjà mìíràn tí a ti pò pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

BÍ Ẹ ÓÒ ṢE SÈ É

1. Ẹ tan ófùùnù sí ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó ní fáànù nínú, 180 ni. Bí ó bá jẹ́ ti gáàsì, nọ́ńbà 6.

2. Ẹ se màkàrónì nínú omi púpọ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú 2 kí ó pé àkókò tí a kọ sí ara ọ̀rá rẹ̀, nítorí yóò tún rọ̀ sí i nínú ófùùnù. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dànù.

3. Ẹ gé àlùbọ́sà àti tàtàṣé wẹ́wẹ́, kí ẹ dín wọn nínú òróró fún ìṣẹ́jú 8 títí wọn yóò fi rọ̀. Àlùbọ́sà tí a kò kánjú dín máa ń dùn, adùn yìí sì wà lára ohun tí kò ní jẹ́ kí a ṣàárò mágí. Ẹ fi aáyù, ata àti táìmù sí i, lẹ́yìn náà tòmátì. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wá fi ẹ̀fọ́ sí i, kí ẹ sì fọ́ sàdíìnì sí i.

4. Ẹ fi mílíìkì tútù díẹ̀ po cornflour kí ó má baà ní kókó, bí a ti ń fi omi tútù po ògì kí a tó da omi gbígbóná lé e. Ẹ gbé mílíìkì tí ó kù kaná. Nígbà tí ó bá fẹ́ hó, ẹ da ògì náà sí i, kí ẹ sì máa rò ó títí yóò fi ki. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

5. Ẹ rin wàràkàṣì bí a ti ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sí inú mílíìkì tí ó ti ki, kí ẹ rò ó pọ̀.

6. Ẹ po màkàrónì mọ́ ọbẹ̀ tòmátì nínú abọ́ tí ó lè wọ ófùùnù. Ẹ da mílíìkì náà lé e lórí, kí ẹ sì wọ́n wàràkàṣì tí ó kù sí orí rẹ̀ pátápátá. Orí oúnjẹ ni ahọ́n ti máa kọ́kọ́ pàdé wàràkàṣì, ibẹ̀ ni díẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

7. Ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, títí orí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó bù ú fún àwọn ọmọdé.

Bí owó iná bá ń kọ yín lóminú, ẹ má tan ófùùnù rárá. Níwọ̀n ìgbà tí ohun gbogbo bá ṣì gbóná, ẹ gbé abọ́ náà sí abẹ́ gíríìlì fún ìṣẹ́jú 5, orí rẹ̀ yóò pọ́n bákan náà.

Ẹ̀fọ́ àti tòmátì tí ó wà nínú abọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ju ìdá méjì lọ nínú ìdá márùn-ún tí ó yẹ kí a jẹ lójúmọ́. Ẹ má ṣe gbé iyọ̀ sórí tábìlì. Bí ẹnìkan bá ní kò tó òun lẹ́nu, ẹ fún un ní ata tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ kí ó fún un sí i.

BÍ WÀRÀ KÒ BÁ BÁ YÍN LÁRA MU

Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti dàgbà, inú wa kì í lè lọ ṣúgà inú wàrà tí a ń pè ní lactose dáadáa mọ́. Inú lè máa kùn tàbí kí ó wú. Wàràkàṣì tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í ní lactose púpọ̀, nítorí náà ó lè má yọ yín lẹ́nu. Fún ti mílíìkì, ẹ lè lo èyí tí a ti yọ lactose kúrò nínú rẹ̀, tàbí mílíìkì sóyà tí kò ní ṣúgà, tí a ti fi kálísíọ̀mù kún.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ara ẹnìkan kọ wàrà pátápátá, tí ètè tàbí ojú rẹ̀ ń wú, tí ara rẹ̀ ń sú, ọ̀ràn náà yàtọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ wàràkàṣì tàbí mílíìkì màlúù kankan, kódà èyí tí kò ní lactose. Bí mímí bá ń ṣòro fún un, ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀. Lára páálí oúnjẹ, a máa ń kọ orúkọ wàrà, àlìkámà, ẹja àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà tí ó dúdú ju ìyókù lọ kí ẹ lè tètè rí wọn.

OÚNJẸ TÍ Ó BÁ ṢẸ́KÙ

Ọ̀pọ̀ wa ni a tọ́ dàgbà nínú ilé tí a ti ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ó má baà kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ yìí. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì láàárín wákàtí 1 sí 2. Fíríìjì náà gbọ́dọ̀ tutù dé ìwọ̀n 5 tàbí kí ó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ 2. Ẹ gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó sì gbóná dé àárín títí yóò fi máa rú èéfín.

Ẹ LỌ YẸ ÌFÚNPÁ YÍN WÒ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé apoògùn ni ó ń yẹ ìfúnpá wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó ti pé ọdún 40 sókè. Bí ohun tí wọ́n rí bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò sọ ohun tí ó kàn fún yín láti ṣe. Bí ẹ bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ẹ ti dín iyọ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ bi dókítà tàbí apoògùn yín léèrè kí ẹ tó ra iyọ̀ àrọ́pò tí a fi potassium ṣe, pàápàá bí kíndìnrín yín bá ní àìsàn.

Ahọ́n máa ń kọ́ ohun tí a bá fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ kò ní dà bí èyí tí kò dùn mọ́, ọmọ tí ó bá sì kọ́ ọ láti kékeré kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ lágbà.

Ẹ lè béèrè fún ìwé yìí ní lẹ́tà ńlá, tàbí ní ohùn tí a gbà sílẹ̀, ní ibi tí ẹ ti gbà á.