Gígé, àwọ̀ àti lẹ́tà tó ń rìn: Kí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ẹ́díìtì fídíò kọ́kọ́ mọ̀?

Iṣẹ́ ẹ́díìtì fídíò ti kúrò lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tó ní ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ẹni tó ń ya ìgbéyàwó, ẹni tó ń ṣe àwàdà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníròyìn, olùkọ́, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí tó ń gbé ìwàásù sórí YouTube, gbogbo wọn ló ń gé fídíò báyìí, fóònù sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣe é. Áàpù wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ń kọ́ni wà lórí ayélujára tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀, ẹ ó rí ẹni tó mọ gbogbo bọ́tìnì inú sọ́fítíwíà rẹ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná àti èéfín yí orúkọ ọkọ àti ìyàwó ká, àmọ́ tí fídíò rẹ̀ yóò ti sú èèyàn kó tó tó ìṣẹ́jú méjì.

Bọ́tìnì kì í pẹ́ mọ̀. Ojú ló máa ń pẹ́ kó tó là. Iṣẹ́ mẹ́ta ló pa pọ̀ sínú ohun tí à ń pè ní ẹ́díìtì: gígé àti títo àwòrán, títún àwọ̀ ṣe tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní color grading, àti lẹ́tà tàbí àwòrán yíyà tó ń rìn lójú fídíò, ìyẹn motion graphics. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń darí ojú àti ọkàn òǹwòran. Ẹni tó bá ti mọ ibi tó fẹ́ kí ojú òǹwòran lọ, sọ́fítíwíà yòówù tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, yóò rí i lò.

Báwo ni gígé ṣe ń sọ ìtàn?

Lẹ́yìn tí ìjọba ọba ṣubú ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1917, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lev Kuleshov ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ fíìmù nílùú Moscow. Fíìmù tuntun tí wọn ì bá fi yàwòrán wọ́n bí ojú, torí náà fíìmù tí àwọn mìíràn ti yà ni wọ́n ń gé, tí wọ́n sì ń tún lẹ̀ pọ̀. Kuleshov mú ojú gbajúmọ̀ òṣèré kan, Ivan Mosjoukine, ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì fà ro, ó fi ti abọ́ ọbẹ̀. Ó mú ojú yẹn náà, ó fi ti òkú inú pósí. Ó tún fi ti obìnrin kan tó rọ̀gbọ̀kú. Ẹnu ya àwọn tó wò ó sí bí òṣèré yìí ṣe mọ eré í ṣe: wọ́n ní ebi ń pa á nídìí ọbẹ̀, ọ̀fọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ nídìí pósí, obìnrin yẹn sì wọ̀ ọ́ lójú. Bẹ́ẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n wò lẹ́ẹ̀mẹta. Fíìmù náà ti sọnù tipẹ́, bí Kuleshov àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Vsevolod Pudovkin ṣe ròyìn rẹ̀ kò sì bára mu tán, àmọ́ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì yẹ̀: ibi tí àwòrán méjì ti pàdé ni ìtumọ̀ ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ìran kan tó wọ́pọ̀ nínú fíìmù Yorùbá. Ìyá ń bi ọmọ rẹ̀ pé: “Táyé, owó tí mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ta ló mú un?” Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yóò dúró lójú ìyá títí ìbéèrè yóò fi parí, yóò wá gé sí Táyé kó lè dáhùn. Ẹni tó mọṣẹ́ lè ti gé sí Táyé nígbà tí ìyá dé “sábẹ́ ìrọ̀rí”. Ohùn ìyá là ń gbọ́, ojú ọmọ là ń wò: ó gbé itọ́ mì, ó jí ilẹ̀kùn wò. Kó tó lanu, a ti mọ̀. L cut ni wọ́n ń pe irú gígé yìí, níbi tí ohùn ti ń bá a lọ lẹ́yìn tí àwòrán rẹ̀ ti kúrò. Òdìkejì rẹ̀ ni J cut, níbi tí ohùn ìran tó ń bọ̀ yóò ti ṣáájú àwòrán rẹ̀ wọlé.

Walter Murch, ọ̀kan lára àwọn àgbà ẹ́dítọ̀ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ In the Blink of an Eye pé ohun mẹ́fà ló yẹ kéèyàn gbé yẹ̀ wò kó tó gé, ó sì pín ọgọ́rùn-ún máàkì láàárín wọn. Bó ṣe ń rí lára òǹwòran gba 51, ìtàn gba 23, bí ìran ṣe ń sáré tàbí bó ṣe ń fẹsẹ̀ palẹ̀ gba 10, ibi tí ojú òǹwòran wà lásìkò yẹn gba 7. Bí nǹkan ṣe tò sójú àwòrán gba 5. Èyí tó kẹ́yìn, pé ẹni tó dúró lápá ọ̀tún yàrá kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé bọ́ sápá òsì, òun ni ilé ẹ̀kọ́ fíìmù máa ń kọ́kọ́ tẹnu mọ́, máàkì 4 péré ni Murch sì fún un. Ìyẹn ni pé bí gígé kan bá wọni lára, tó sì ń gbé ìtàn lọ, òǹwòran yóò forí àléébù yòókù jì í.

Suúrù iṣẹ́ náà kò kéré. Murch wà lára àwọn tó gé Apocalypse Now tó jáde lọ́dún 1979. Ohun tí wọ́n yà lé ní wákàtí 230; ohun tó dé sinimá kò ju bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Nígbà tó ṣírò rẹ̀, gígé 1.47 ni ẹ́dítọ̀ kọ̀ọ̀kan ń rí ṣe lóòjọ́. Ìyókù ọjọ́ wọn, wíwò, ríronú àti títú èyí tí wọ́n ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń gbà á.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe gba abẹ lọ́wọ́ ẹ́dítọ̀?

Láyé sẹ́lúlóìdì, abẹ ni wọ́n fi ń gé fíìmù, téèpù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1989, ilé iṣẹ́ Avid gbé ẹ̀rọ tó ń fi kọ̀ǹpútà gé fíìmù jáde. Adobe Premiere dé lọ́dún 1991. The English Patient, tí Murch gé lórí Avid, ni fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà gé tó gba Oscar ẹ́díìtì, lọ́dún 1997. Ní Nàìjíríà, sẹ́lúlóìdì ni fíìmù Aiyé tí Hubert Ogunde gbé jáde lọ́dún 1979. Àmọ́ nígbà tí Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò lọ́dún 1992, ilẹ̀kùn ṣí fún ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lówó sẹ́lúlóìdì, ìdí kásẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà sì ni ọ̀pọ̀ ẹ́dítọ̀ wa ti kọ́ṣẹ́.

Kí ni títún àwọ̀ ṣe, kí ló sì kan aláwọ̀ dúdú níbẹ̀?

Ìpele méjì ló wà nídìí àwọ̀. Èkíní ni àtúnṣe: kí funfun jẹ́ funfun, kí èyí tí wọ́n yà láago mẹ́wàá àárọ̀ àti èyí tí wọ́n yà láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ jọra bí ẹni pé ìgbà kan náà ni. Èkejì ni gíréèdì gan-an: kí àwọ̀ máa bá ìtàn sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ tó lókìkí ni O Brother, Where Art Thou? tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Coen ṣe jáde lọ́dún 2000. Ìgbà tí gbogbo ewéko tutù yọ̀yọ̀ ní Mississippi ni wọ́n yà á, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ilẹ̀ gbígbẹ, eléruku, tó pọ́n bíi fọ́tò àtijọ́. Wọ́n da gbogbo fíìmù náà sínú kọ̀ǹpútà, Roger Deakins tó yà á sì bá wọn jókòó tì í: wọ́n mú àwọ̀ ewé, wọ́n sọ ọ́ di àwọ̀ koríko gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ ló kà á sí fíìmù Hollywood àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Bí wọ́n ṣe ya àwòrán ló máa sọ bí a ṣe lè tún un ṣe tó. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní lè yà ní log, ìyẹn àwòrán bàìbàì tó dà bíi pé eruku bò ó. Kámẹ́rà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù má bàa jóná, kí ibi tó ṣókùnkùn má sì di biribiri. Ẹ́dítọ̀ ni yóò wá dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Àní fóònù iPhone 15 Pro tó jáde lọ́dún 2023 ń ya log. Ẹ tún bojú wo bit, tó ń sọ iye ìpele àwọ̀ tí fídíò ní. Fídíò 8-bit ní ìpele 256 fún pupa, 256 fún àwọ̀ ewé, 256 fún búlúù. 10-bit ní 1,024 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ojú sánmà inú fídíò 8-bit fi máa ń pín sí ìlà-ìlà tí ẹ bá fipá yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ má gbára lé ojú nìkan. Fóònù yìí a máa pọ́n, kọ̀ǹpútà tọ̀hún a máa ṣe búlúù, ojú tó sì ti rẹ̀ máa ń parọ́. Ìdí rèé tí sọ́fítíwíà fi ní òṣùwọ̀n: waveform ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, vectorscope ń fi irú àwọ̀ àti bó ṣe mú tó hàn. Ìlà kan wà lórí vectorscope láàárín pupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní ìlà awọ ara. Òyìnbó ni o, èèyàn dúdú ni o, ẹ̀yà yòówù kéèyàn jẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìlà yìí ni awọ ara máa ń bọ́ sí. Ohun tó yàtọ̀ jù láàárín wọn ni bí ìmọ́lẹ̀ ara wọn ṣe pọ̀ tó.

Ìtàn ti fi hàn pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ kò fi tiwa sọ́kàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan ni Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi díwọ̀n àwọ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Bí ojú èèyàn dúdú bá wá di kìkì eyín àti ẹyinjú, kò sẹ́ni tó bìkítà. Lorna Roth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Concordia ní Kánádà, kọ ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 2009. Lára ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ Kodak ni pé àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi wà lára àwọn tó pariwo sí ilé iṣẹ́ náà, torí pé àwọ̀ ilẹ̀ ọjà wọn kò jáde dáadáa nínú fọ́tò.

Káàdì Shirley ti kásẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ irú rẹ̀ ṣì wà. Ọ̀pọ̀ LUT, ìyẹn àwọ̀ tí wọ́n ti pò sílẹ̀ tí èèyàn kàn máa fà lé fídíò, kì í ṣe awọ ara wa ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ wo òde ìgbéyàwó lọ́sàn-án gangan: ìyàwó adúmáadán, léèsì funfun, oòrùn lójú. Ẹ́dítọ̀ rí i pé ojú ìyàwó ṣókùnkùn, ó fa ìmọ́lẹ̀ gbogbo fídíò sókè. Ihò ara léèsì pòórá, aṣọ di funfun gbalaja, ojú ìyàwó wá fẹ́lẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Èyí tó bọ́gbọ́n mu ni kó kọ́kọ́ dín ìmọ́lẹ̀ ibi tó mọ́ jù kù títí ihò léèsì yóò fi padà hàn lórí waveform. Lẹ́yìn náà, kó fi mask, ìyẹn ìlà tó ń ya apá kan àwòrán sọ́tọ̀, yí ojú nìkan ká, kó gbé ìmọ́lẹ̀ àárín sókè díẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan ibi tó ń dán níwájú orí àti lẹ́rẹ̀kẹ́. Dídán yẹn ló ń jẹ́ kí awọ dúdú ní ẹwà lójú fídíò. Bí ara bá ń ṣe bí ewé, ó lè jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára kánópì tàbí koríko ló fà á; vectorscope yóò fi hàn pé ó ti yà kúrò níbi ìlà.

Kí ló ń mú lẹ́tà rìn?

Saul Bass, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, ló sọ orúkọ àwọn òṣèré, tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ẹ́ kà, di ohun ìwòran. Ọ̀pá funfun tó ń já wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ló fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù The Man with the Golden Arm lọ́dún 1955. Nínú Vertigo, lọ́dún 1958, òun àti John Whitney fi ìlà tó ń yí bíríbírí sójú fíìmù. Whitney yìí náà ló dá ilé iṣẹ́ Motion Graphics sílẹ̀ lọ́dún 1960. After Effects, sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò lónìí, jáde lọ́dún 1993.

Keyframe, ìyẹn fíréèmù tí ẹ ti sọ ibi tí nǹkan yóò wà, ni ìpìlẹ̀ lẹ́tà tó ń rìn. Tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà ń lo fíréèmù 25, ìyẹn àwòrán 25, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé orúkọ kan wà lápá òsì ní fíréèmù kìíní, pé kó dé àárín ní fíréèmù 25. Kọ̀ǹpútà yóò fúnra rẹ̀ ya 23 tó wà láàárín. Bí ó bá pín ọ̀nà náà lọ́gbọọgba, orúkọ yóò máa rìn gbọn-in bí ohun tí kò lẹ́mìí. Nǹkan tó wúwo kì í ṣàdédé sáré, kì í sì í ṣàdédé dúró. Torí náà ni wọ́n ṣe ń lo ease, tó ń jẹ́ kó rọra gbéra, kó sì rọra gúnlẹ̀. Èyí wà lára ìlànà 12 tí Frank Thomas àti Ollie Johnston, àgbà ayàwòrán Disney, kọ sínú ìwé wọn The Illusion of Life lọ́dún 1981.

Ìṣòro kan tún wà tó jẹ́ ti ẹni tó ń kọ Yorùbá. Ẹ ó ti rí orúkọ èèyàn nínú fídíò tí àmì orí rẹ̀ fò lọ sórí lẹ́tà mìíràn, tàbí tí àpótí ṣófo dúró síbi tó yẹ kí ọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà ní àyè fún ẹ àti ọ, àmọ́ nígbà tí àmì ohùn bá gun orí wọn, àmì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni fọ́ńtì gbọ́dọ̀ tò síra, ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ológe kò sì mọ̀ ọ́n tò. Noto Sans, Charis SIL àti Gentium mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Kí ẹ tó yan fọ́ńtì, ẹ fi Ọlọ́run, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀ṣun dán an wò.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́ gígé ṣáájú, kí àwọ̀ tẹ̀lé e, kí lẹ́tà tó ń rìn kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù: wọ́n á fẹnu kò pé gígé ti parí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àwọ̀, torí ìran tí wọ́n bá gé dànù lọ́la, àṣedànù ni àwọ̀ tí wọ́n tún ṣe sí i lónìí.

Irinṣẹ́ kì í ṣe àwáwí mọ́. DaVinci Resolve, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là nígbà kan, bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Blackmagic Design ti Ọsirélíà lọ́dún 2009, wọ́n sì gbé èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ jáde lọ́dún 2011. Gígé, àwọ̀, ohùn àti motion graphics wà nínú rẹ̀, ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì wọn. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára, ẹ jẹ́ kó ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó fi gé kí ẹ tó padà sórí ojúlówó. Ẹ tan ìpamọ́ aládàáṣe sílẹ̀, torí iná kì í kìlọ̀ kó tó lọ. Ẹ sì ní ẹ̀dà mẹ́ta ohun tí ẹ yà, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìgbéyàwó kò ṣeé tún yà.

Fún ìdánrawò, ẹ mú ìran kan nínú fíìmù tí ẹ fẹ́ràn, ẹ pa ohùn rẹ̀, ẹ dá a dúró níbi gbogbo tí wọ́n bá ti gé, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ rò pé wọ́n fi gé e níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún ohùn ṣí, ẹ wò ó bóyá ẹ gbà á. Tí ẹ bá wá parí iṣẹ́ tiyín, ẹ wò ó lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, nínú oòrùn, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, torí irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran yín yóò fi wò ó.