Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Panzanella, sàláàdì búrẹ́dì àwọn ará Ítálì

Oṣù Kejìlá ni ooru ń mú ní Johannesburg, ìgbà náà gan-an ni panzanella dùn ún jẹ. Orange Grove, àdúgbò tí àwọn ará Ítálì fìdí múlẹ̀ sí tipẹ́, kò jìnnà sáàárín ìlú; tòmátì sì wà ní ọjà City Deep.

Wọ́n á gé tòmátì, wọ́n á bu iyọ̀ sí i kí omi rẹ̀ lè jáde. Búrẹ́dì tó ti le ni wọ́n ń rẹ sómi, tí wọ́n á fún dáadáa, kí wọ́n tó já a wẹ́wẹ́. Búrẹ́dì rírọ̀ á kàn di ẹ̀kọ ni! Kùkúḿbà, àlùbọ́sà pupa, efinrin wẹ́wẹ́, òróró ólífì àti fínígà ló kù.

Àlejò ni tòmátì nínú oúnjẹ yìí o. Bronzino, ayàwòrán Florence tó kú ní 1572, kéwì nípa irú oúnjẹ yìí: àlùbọ́sà, kùkúḿbà àti pápàsán ló dárúkọ, kò mẹ́nu kan tòmátì.