Niki Lauda: Iná jó o, ó tún padà sórí eré mọ́tò

Ilé olówó ni wọ́n ti bí Niki Lauda ní Vienna, olú ìlú Austria, lọ́dún 1949, ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eré mọ́tò sétí rárá. Ló bá lọ yáwó ní báńkì. Nígbà tó fi di 1975, ó ti gba ife àgbáyé Formula One pẹ̀lú ọkọ̀ Ferrari.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọdún 1976, ọkọ̀ rẹ̀ já kúrò lójú ọ̀nà ní Nürburgring, nílẹ̀ Jámánì, ó sì gbiná. Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ló fà á yọ. Iná ti jó o lójú àti lórí, ó ti ba etí ọ̀tún jẹ́, èéfín olóró sì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àlùfáà pàápàá ti wá gbàdúrà ìkẹyìn fún un. Ẹ wá gbọ́ o! Lẹ́yìn ọjọ́ 42, ọkùnrin yìí tún ti wà nínú ọkọ̀ ní Monza, nílẹ̀ Ítálì, pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Ipò kẹrin ló ṣe.

Ìdíje tó kẹ́yìn ọdún náà wáyé ní Japan, nínú òjò ńlá. Ìyípo méjì péré ni Lauda sá tó fi dúró, ó ní ewu ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Máàkì kan ṣoṣo ni James Hunt, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn kan pè é ní ojo. Ojo kẹ̀? Ẹni tó ti inú iná jáde!

Ó tún gba ife náà ní 1977 àti 1984. Ìdajì máàkì ló fi ṣíwájú Alain Prost lẹ́ẹ̀kejì yìí. Fìlà pupa tó fi ń bo àpá iná, ìyẹn gan-an ló tún fi ń gbowó ìpolówó ọjà, títí tó fi kú ní 2019 lẹ́ni 70 ọdún.