Èdè Abínibí àti Pípa Òfin Ààbò Mọ́ ní Yàrá Àyẹ̀wò: Ẹ̀kọ́ láti Ara Ibà Lassa fún Ìlú Enugu

Ìfáárà

Ìlú Enugu mọ ohun tí à ń pè ní ewu ẹnu iṣẹ́. Ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú níbẹ̀. Lónìí, ewu iṣẹ́ kò sí lábẹ́ ilẹ̀ nìkan mọ́. Ó wà ní gbogbo ibi tí yàrá àyẹ̀wò bá wà: ní ọgbà Yunifásítì Nàìjíríà tó wà ní Enugu, ní iléeṣẹ́ ìwádìí PRODA, ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé òfin ààbò kò tíì di òfin títí yóò fi yé ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù lọ ní yàrá náà, ìyẹn ẹni tó ń fọ igò, tó ń gbálẹ̀, tó sì ń da ìdọ̀tí nù.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Ọdún 1969

Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àwọn ajíyìnrere ní ìlú Lassa, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, ṣàìsàn, ó sì kú ní Jos. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, náà kú. Ẹnì kẹta, Penny Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí New York, orí sì yọ ọ́. Yunifásítì Yale ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tó fa àrùn náà, orúkọ ìlú Lassa ni wọ́n sì fún un.

Ní oṣù Kẹfà, àrùn náà mú Jordi Casals, àgbà onímọ̀ tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Wọ́n fa omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo sí i lára, ó sì yè. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, Juan Roman, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò níbẹ̀, kú. Roman kò sí lára àwọn tó ń fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tó gbà dé ara rẹ̀. Yale dá iṣẹ́ lórí rẹ̀ dúró. Ní ọdún 1970, Dókítà Jeanette Troup gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ti ń yẹ òkú wò ní Jos; àrùn yìí kan náà ló pa á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Yale dáadáa. Ọ̀gá tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yè. Ẹni tí iṣẹ́ náà kò kàn ló kú.

Ọ̀nà Tí Ewu Ń Gbà

Bí igò bá fọ́ nínú ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ po, tàbí bí a bá da omi àyẹ̀wò sílẹ̀, ìrì tín-ín-tín tí ojú kò rí a máa fò sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń kọjá lọ lè mí in símú. Abẹ́rẹ́ tí a jù sáàárín ìdọ̀tí lásán, ọwọ́ agbálẹ̀ ló ń dè. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi tẹ ìwé ìlànà ààbò yàrá àyẹ̀wò jáde ní ọdún 1983. Ìpele mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ pín ààbò sí. Ìkẹrin, tó le jù, ni ti Lassa. Ibà yìí kò sì jìnnà sí wa: Ebonyi, tó bá Ìpínlẹ̀ Enugu pààlà, àti Edo àti Ondo, wà lára ibi tó ti máa ń jà jù.

Ohun Tí Òfin Wí

Òfin kò wọ́n wa. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 17, sọ pé kí ìjọba dáàbò bo ìlera gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin tó dá NESREA sílẹ̀ ní ọdún 2007 ń ṣọ́ àyíká, òfin ọdún 2010 sì wà fún owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn, òun náà ni a sì sábà máa ń rí lára ògiri yàrá àyẹ̀wò.

Ipa Tí Èdè Ní Láti Kó

Títúmọ̀ nìkan kò tó. Bí a bá sọ fún agbálẹ̀ pé "kòkòrò" wà nínú igò, ó lè máa wá aáyán. "Kòkòrò àrùn àìfojúrí" ló yẹ ká wí. Ó sì yẹ kí òfin gbé ìdí rẹ̀ dání, báyìí:

"Má fi ẹnu fa omi àyẹ̀wò, o lè gbé àrùn mì."

"Ásíìdì ni kí o máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Bí o bá da omi sínú ásíìdì, yóò hó, yóò ta sí ọ lójú."

"Má fọwọ́ kó abẹ́rẹ́, inú àpótí líle ni kí o jù ú sí."

Àpẹẹrẹ ti Yorùbá nìyí. Ní Enugu, Ígbò ni èdè tí iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ tọ́ sí, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ni ní Ígbò ló sì lè ṣe é dójú àmì.

Àgbálọgbábọ̀

Àbá mẹ́ta ni a dá. Kí a kọ òfin ààbò ní èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ. Kí a máa kà á sí wọn létí, kí a sì ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn tún un sọ, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀wé. Kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò sọ ohun tó yẹ kó máa wò fún, kí ni yóò fi ojú rẹ̀ ṣọ́?