Gángan Láti Ilé Dé Ilé

Bí àwọn ọmọ wa ní Manchester bá ń lu gángan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà sítúdíò tó wà nílé ní London, ìlù kan a máa pẹ́ lẹ́yìn èkejì. Ọ̀rọ̀ tí gángan ń sọ á sì dàrú.

Jíjìn kọ́ ló fà á. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000: láàárín ìdá kan péré, ìmọ́lẹ̀ ti rin nǹkan bí 200 kìlómítà nínú wáyà onígíláàsì. Inú ilé ni wàhálà wà! Hẹ́dífóònù Bluetooth nìkan sábà máa ń jẹ ju ìdá 100 lọ, Wi-Fi náà kì í dúró sójú kan. Wáyà ni kí ẹ lò fún méjèèjì. SonoBus àti Jamulus, tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni.

Bàbá àgbà ní Ìbàdàn ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kìlómítà; àlọ nìkan á jẹ nǹkan bí ìdá 25, àbọ̀ á sọ ọ́ di 50, ó kéré tán. Ìyẹn pọ̀ jù fún onílù méjì. Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa lù lọ, kí àwọn ọmọ máa tẹ̀ lé wọn níhìn-ín. Kí Bàbá má ṣáà dúró de tiwọn.