Kí Ọmọ Wa Tó Sáínì Ìwé ní Kóòtù Amẹ́ríkà

Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí ẹbí ní Amẹ́ríkà. Bí wàhálà kóòtù bá dé bá wọn lọ́hùn-ún, ilé náà ni wọ́n ń pè: "Màámi, wọ́n ní kí n sáínì ìwé kan." Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ìwé náà.

Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ ọ̀daràn kì í sábà dé ibi tí wọ́n ti ń pe ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 2012, kóòtù wọn tó ga jù lọ sọ pé nínú 100 ẹni tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ dá lẹ́bi, 97 ló fẹnu ara wọn gbà pé àwọn jẹ̀bi. Dúnàádúrà ló sábà máa ń wà níbẹ̀: olùjẹ́jọ́ á gbà pé òun jẹ̀bi, agbẹjọ́rò ìjọba á yọ díẹ̀ nínú ẹ̀sùn, tàbí kó ní kí adájọ́ dín ìyà rẹ̀ kù.

Ibi tó yẹ ká la ojú sí nìyí. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn náà pé ẹni tó sáínì kò ní pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mọ́. Ó dà bíi rìsíìtì tí wọ́n kọ sí nísàlẹ̀ pé ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Bí ẹ̀wọ̀n bá wá pọ̀ ju bó ṣe rò lọ, tó sì gba kóòtù òkè lọ, ìjọba á gbé ìwé yẹn jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, kóòtù á ní ọ̀rọ̀ ti tán.

Àmọ́ ilẹ̀kùn ò tì pátápátá. Adájọ́ gbọ́dọ̀ bi olùjẹ́jọ́ ní gbangba bóyá gbólóhùn náà yé e. Bí kò bá yé e, tàbí tí wọ́n fipá mú un, tàbí tí ẹ̀wọ̀n bá ju èyí tí òfin là sílẹ̀, ó ṣì lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Ní ọdún 2019, nínú ẹjọ́ Garza àti ìpínlẹ̀ Idaho, kóòtù tó ga jù lọ fi hàn pé bí oníbàárà bá ní kí lọ́yà pe ẹjọ́, lọ́yà ò gbọ́dọ̀ fi ìwé yẹn ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 péré ni àyè tó wà ní kóòtù ìjọba àpapọ̀.

Kì í ṣe tiwọn nìkan o. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 gba irú dúnàádúrà yìí láyè, ó sì ní kò sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ rẹ̀, àfi bí jìbìtì bá wà níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ bá pè, ẹ má kàn sọ pé kó sáínì kó lè tètè bọ́. Ẹ ní kó bi lọ́yà rẹ̀ léèrè: Kí ni mò ń fi sílẹ̀? Ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó ló lè pọ̀ tó? Ṣé wọ́n lè tìtorí rẹ̀ dá mi padà sílé? Láti ọdún 2010 ni kóòtù tó ga jù lọ ti ní lọ́yà gbọ́dọ̀ sọ èyí tó gbẹ̀yìn yìí fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká ṣe àbámọ̀ o.